Kíndìnrín Òsì Gbádégẹṣin

"Ẹ má mí," ni Ojú Ńlá wí.

Gbádégẹṣin dá èémí rẹ̀ dúró. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí pátákó tútù, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè orí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ sì yọ lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó. Òrùka ràbàtà tó yí i ká yípo lẹ́ẹ̀kan, ó yípo lẹ́ẹ̀kejì, kò dún pìn-ín.

"Ẹ lè mí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ta ni ẹlẹ́rìí?"

"Ìbírónkẹ́ Adégòkè," ni obìnrin tó dúró lẹ́yìn dígí dáhùn.

"Ẹlẹ́rìí, ẹ gbọ́ ìdájọ́." Ohùn ẹ̀rọ náà tutù, ó sì dùn, bí ohùn ìyá àgbà tó ń rẹ ọmọ sùn. "Gbádégẹṣin, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, agbẹ́kànga, ará Budó-Àgbọ̀n. Kókó kan wà lára kíndìnrín òsì, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́. Kì í ṣe omi, ẹran ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ, ìdá mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdájọ́ ni pé kí wọ́n yọ kíndìnrín òsì láàárín ọjọ́ méje. Ẹlẹ́rìí, ọwọ́ yín."

Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ kan tàn pupa lórí tábìlì dígí tó wà níwájú Ìbírónkẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ihò kékeré kan wà, kò ju ẹyọ ẹ̀pà kan lọ, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sókè ihò náà: RÁRÁ.

Ìbírónkẹ́ kò gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ọrùn, níbi tí kọ́kọ́rọ́ idẹ kan gbé rọ̀ sórí okùn lábẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ tó búra iṣẹ́, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Mẹ́ta náà ni wọ́n ń fún gbogbo ẹlẹ́rìí, fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ki ọ̀kan bọ ihò yẹn, ìdájọ́ á dúró, wọ́n á sì gbé aláìsàn lọ síwájú ojú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á gbé kọ́kọ́rọ́ mì, kò sì ní pọ̀ ọ́ mọ́.

"Ẹlẹ́rìí, ọwọ́ yín."

"Mo ń rò ó."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òfin fún yín. Ẹ farabalẹ̀."

Kì í ṣe pé Ìbírónkẹ́ kò mọ ohun tó wà nínú ikùn bàbá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fi síkáànì ọwọ́ wò ó láàárọ̀.

Síkáànì ọwọ́ ni ẹ̀rọ tó kéré jù nínú Ilé Àwòrán náà. Kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Iṣẹ́ tí òfin fi sílẹ̀ fún un ni pé kó fi ibi tí kókó wà han Ojú Ńlá. Ó lè júwe ọ̀nà, kò lè jẹ́rìí. Síbẹ̀, Ìbírónkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, àti nítorí pé ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn.

Ó ti da oje tútù sí ẹ̀gbẹ́ Gbádégẹṣin, ó sì ń fi ẹ̀rọ náà wá a kiri lábẹ́ egungun ìhà.

"Ẹlẹ́rìí, kí lẹ rí?" ni bàbá náà bi í. "Ṣé omi ni àbí òkúta?"

Ìbírónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi mà nìyẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Bí mo bá fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ tó sì jẹ́ òkúta, òkúta á dá irin padà sí mi lápá. Bó bá jẹ́ omi, kò ní bá mi jà. Á kàn gbà á wọlé."

"Bí tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohùn ló ń rán wọlé. Bó bá bá omi pàdé, ohùn á kọjá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ."

"Ó wá kọjá bí?"

"Ó kọjá, Bàbá. Ṣùgbọ́n omi náà kò mọ́. Ó rú, bíi kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò sí." Ó tún ẹ̀rọ náà tẹ̀ díẹ̀. "Ṣé nǹkan kan gbá yín níbí rí?"

Bàbá náà wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nítòsí.

"Lọ́dún tó kọjá," ló wí wẹ́rẹ́, "ọ̀pá yọ lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè, ó já bọ́ lù mí nínú kànga. Ẹ̀jẹ̀ ni mo tọ̀ fún ọjọ́ méjì. Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún Mosúnmọ́lá o. Á ní kí n má wọ kànga mọ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé Ìbírónkẹ́. Àpò omi lásán, irú èyí tó máa ń wà lára kíndìnrín àgbàlagbà láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irin gbá a, ẹ̀jẹ̀ dà sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì dì. Kó lè dá a lójú, ó mú ìgò kan nínú fíríìjì, oògùn tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní abẹ́rẹ́ ọṣẹ nítorí pé omi inú rẹ̀ ń hó wíníwíní. Ó fi gún bàbá náà lápá. Kò pẹ́ tí ìhó náà fi bá ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, gbogbo rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ bí ọ̀sán. Kókó nìkan ló ṣókùnkùn. Ìhó yí i ká, kò wọ inú rẹ̀. Ìbírónkẹ́ ka ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, kò rí ẹyọ kan kó wọlé. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé inú rẹ̀ kò lè máa dàgbà. Òkú nǹkan ni.

Ó wá gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Kíndìnrín ọ̀tún ti súnkì bí ẹ̀pà tí òjò kò rọ̀ sí. Ogójì ọdún nínú oòrùn Òkè-Ògùn, láìráyè mumi, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá omi fún gbogbo ayé kò rí mu. Kíndìnrín òsì yìí, tòun ti àpò ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ni bàbá náà gbọ́kàn lé.

Nítorí ọ̀tún tó ti rù yìí náà ni wọn kò fi lè fa aró sí i lára kó tó wọ Ojú Ńlá. Aró ni Ojú Ńlá fi ń mọ ohun tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú yàtọ̀ sí ohun tí kò ní, ṣùgbọ́n aró a máa ni kíndìnrín tí kò lágbára lára. Láìsí aró, Ojú Ńlá dà bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó dé lórí iná. Ó mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sì máa ń nípọn lójú rẹ̀ bí ẹran. Ó wá fi bàbá náà wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó ti rí rí, ó sì fún un ní ohun tí ó jẹ́ ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn agbẹ́kànga kò pọ̀ láàárín wọn.

Ẹ̀rọ òòfà, ojú mìíràn tó wà ní Ìbàdàn, ìbá ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àìsàn kan, ojú kan, ni òfin wí. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn ojú kejì.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù, Ẹlẹ́rìí."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Dókítà Oyèwùsì sì wọlé. Òun ni ọ̀gá Ilé Àwòrán náà, òun sì ni ẹlẹ́rìí kejì tí wọ́n ní. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Kò sí nǹkan kan ní ọrùn rẹ̀.

"Mo rí iná pupa láti yàrá mi," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni, sà. Kì í ṣe ẹran. Mo lo abẹ́rẹ́ ọṣẹ, kò wọ inú rẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú bí ti Tíṣà náà ṣe dá mi lójú."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa Tíṣà ní Ilé Àwòrán. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ tí Ìbírónkẹ́ lò gba ìyàwó ilé kan là lọ́wọ́ ọ̀bẹ, gbogbo ènìyàn sì yìn ín. Èyí kejì ló lò fún olùkọ́ kan láti Ìsẹ́yìn. Ó ní omi ni. Kí ó tó kan ọkùnrin náà nídìí òòfà, ogójì ọjọ́ ti kọjá, jẹjẹrẹ sì ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá.

"Dọ̀tun ńkọ́?" ni ọ̀gá rẹ̀ béèrè níkẹyìn.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kó tó wá síwájú Ojú Ńlá."

Dọ̀tun ni àbúrò rẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó yọ kíndìnrín kan fún ìyá wọn, ìyá náà sì fi lo ọdún méje sí i láyé. Ní oṣù tó kọjá ni ilé ìwòsàn ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ sọ pé kókó wà lára ẹyọ kan tó kù. Bí Ojú Ńlá bá ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sí òmíràn nínú rẹ̀ mọ́. Ojú Ńlá kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Òkè-Ògùn, ẹlẹ́rìí méjì ló wà nídìí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì kù láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, sà."

"Ìbírónkẹ́, mi ò ní. Mo ti lo tèmi tán kí n tó pé ọmọ ogójì ọdún. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ ni mo ń gbé lé dígí. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tí mi ò ní nǹkan kan fún." Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó tún fà á padà. "Mi ò lè bá ọ pinnu rẹ̀. Mi ò ní bá ọ pinnu rẹ̀."

Ó jáde.

Lẹ́yìn dígí, Gbádégẹṣin gbé orí sókè díẹ̀, ó ń wá ojú Ìbírónkẹ́. Nígbà tó rí i, ó mi orí sí i bí òṣìṣẹ́ ṣe máa ń kí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lókè kànga.

"Ìṣẹ́jú kan, Ẹlẹ́rìí."

Ìbírónkẹ́ yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn. Ó gbé e lé àwòrán pupa náà. Dígí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"A dúpẹ́, Ẹlẹ́rìí," ni Ojú Ńlá wí.

Mosúnmọ́lá ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó ga bíi bàbá rẹ̀, ìwé ìdájọ́ náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà. Bàbá mi ní ẹ sọ fún àwọn láàárọ̀ pé omi ni."

"Mo ní ó jọ omi."

"Ojú Ńlá wá ní ẹran ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí a bá kọ̀ ńkọ́, mà? Bí a bá ní a ò ṣe?"

"Wọ́n á gba káàdì ìwòsàn rẹ̀. Wọ́n á sì gba ìwé àṣẹ ìgbẹ́kànga lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí abúlé tó máa lè pè é mọ́."

Mosúnmọ́lá wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kò gbójú sókè.

"Mà, ẹ máà bínú. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ẹlẹ́rìí máa ń ní kọ́kọ́rọ́ kan. Wọ́n ní ó máa ń dá ìdájọ́ dúró. Ṣé kò sí lọ́wọ́ yín mọ́ ni?"

Idẹ náà wà lábẹ́ aṣọ, ó lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó ti gbóná bí ara rẹ̀.

"Kò sí mọ́," ni Ìbírónkẹ́ dáhùn.

"Ó dáa, mà." Ọmọ náà fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. "Ẹ ṣeun. Ẹ ti gbìyànjú fún wa. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń fi sùúrù wo èèyàn bí ẹ ṣe wo bàbá mi láàárọ̀. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ìbírónkẹ́ ní àmín. Ó rìn dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó ṣí omi, ó sì dúró síbẹ̀ títí omi fi dá ara rẹ̀ dúró, torí omi kò pọ̀ nílùú.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni wọ́n yọ kíndìnrín òsì Gbádégẹṣin. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta sí i, ìtọ̀ rẹ̀ dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ sin ín padà sí Budó-Àgbọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ni Dọ̀tun wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń bá gbogbo àwọn tó wà ní ìlà ṣàwàdà. Kíndìnrín tirẹ̀ lágbára, nítorí náà wọ́n fa aró sí i. Ìbírónkẹ́ dúró lẹ́yìn dígí, ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó dì í mọ́wọ́ títí eyín idẹ náà fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹlẹ́rìí, ẹ gbọ́ ìdájọ́. Àpò omi lásán ni. Aró kò wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹran. Kò sí ohun tí a ó ṣe sí i. Ẹlẹ́rìí, ọwọ́ yín."

Ìbírónkẹ́ kò mọ ìgbà tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sókè láti ilẹ̀ gbé e lé dígí. Ìgbà tó dìde ló rí i pé lẹ́tà kan ti wọlé sójú ẹ̀rọ láti ọjọ́ méjì, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìlà mẹ́ta ni.

*Gbádégẹṣin, Budó-Àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ nínú àpò omi. Kò sí jẹjẹrẹ.*

Ojú Ńlá fúnra rẹ̀ ti fèsì sí lẹ́tà náà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é pé kí ó máa ṣe: *A ti kà á. Ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ni a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ wà ní ìbámu.*

Nígbà tí wọ́n jáde, Dọ̀tun ń wá ibi tí wọ́n ti máa jẹun. Oúnjẹ kò wọ Ìbírónkẹ́ lọ́kàn. Abẹ́ igi òrí tó wà níwájú ọgbà ni wọ́n jókòó sí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òkúta àti omi títí dé orí lẹ́tà. Ó rò pé ọmọ náà á dì mọ́ òun. Dọ̀tun kò mira.

"Nítorí tèmi, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? O kò ní òmíràn."

"Bàbá yẹn náà kò ní òmíràn." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ẹ̀yin gan-an lẹ bi mí lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá mi lójú. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ ò bi mí."

"Dọ̀tun..."

"Ẹ ò bi mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kàn gbé e lé mi lórí." Ó dìde, ó gbọn ewé kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò bínú, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Màá padà sílé-ìwé. Màá pè yín bí mo bá dé."

Ó pè é lóòótọ́. Ó bi í nípa ara, ó bi í nípa òjò, kò sì pẹ́ tó fi ní ó dàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é títí di òní.

Ìbírónkẹ́ kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́rìí. Ó kọ ohun tó rí nínú síkáànì ọwọ́, ó kọ ohun tó mọ̀ kí ó tó gbé ọwọ́ lé dígí, ó kọ irọ́ tó pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n fèsì pé àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ti ẹlẹ́rìí, kò sí òfin tó ní kó lò ó lọ́jọ́ kan pàtó, síkáànì ọwọ́ kì í sì í jẹ́rìí. Kò jẹ̀bi. Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tí wọ́n ti máa bá a wí. Kò rí i.

Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó lọ sí Budó-Àgbọ̀n. Ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn gbé e dé oríta, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín àwọn igi òrí àti òkè àpáta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yà ní kànga lọ́nà láti mumi. Ní kànga kejì, ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń fà á pé ta ló gbẹ́ ẹ.

"Bàbá Gbádégẹṣin ni," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo èyí tẹ́ ẹ máa rí láti ibí títí dé odò, òun ló gbẹ́ ẹ. Ara wọn ò yá báyìí."

Ó bá a ní yàrá àkọ́kọ́, lórí àga onítìmùtìmù. Ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀pá rọ́bà méjì sì so ó mọ́ ọn lápá. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde gba ọ̀kan, ó ń padà gba èkejì. Bàbá náà ti rù. Ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀ kíá.

"Ẹlẹ́rìí! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ máà bínú pé mi ò lè dìde. Nǹkan yìí ti so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́."

Ìbírónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó lórí àpótí. Bàbá náà sọ fún un pé wákàtí mẹ́rin lòun ń lò nídìí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ méjì-méjì, àti pé wọ́n ní ohun tí òun ń mu kò gbọdọ̀ ju ife méjì lọ lóòjọ́.

"Èmi!" ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ife méjì."

Ìbírónkẹ́ ti pinnu lọ́nà pé òun kò ní kọ́kọ́ sunkún, kí bàbá náà má baà máa ṣìpẹ̀ fún òun. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ní òun mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn òun. Ó sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà, ṣùgbọ́n kò fi ṣe àwáwí. Ó sọ ọ̀rọ̀ Dọ̀tun. Ó sọ ohun tí àwọn tó yẹ ẹran náà wò kọ.

Gbádégẹṣin gbọ́ ọ tán. Ẹ̀rọ náà ń mí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Nígbà tí mo mi orí sí ọ lẹ́yìn dígí yẹn, o mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó yí ojú sí fèrèsé. Ìta ni ọ̀pá irin rẹ̀ mẹ́rin fara ti ògiri, wọ́n ti ń dógùn-ún.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, sà."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò."

Bàbá náà mi orí lọ́ra. Ìbírónkẹ́ kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, kò sì láyà láti béèrè.

"Kọ́kọ́rọ́ náà ńkọ́? Ó ṣì wà lọ́rùn rẹ?"

"Mo lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan láti Kìṣí."

"Ṣé omi ni tirẹ̀?"

"A ò tíì mọ̀, sà. Ó ṣì wà ní ìlà òòfà."

"Hẹn." Ó pa ojú dé díẹ̀, ó tún là á. "Bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga, tó gbẹ́ ẹ títí tí kò kan omi, ó gbọ́dọ̀ gòkè wá sọ fún àwọn ará abúlé. Mo ti sọ ọ́ rí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje. Kò sí ìgbà kan tó rọrùn. Nítorí náà mo dúpẹ́ pé o wá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ fún ọ pé kò sí nǹkan. Nǹkan wà. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Má fi agbára béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Mi ò ní béèrè, sà."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Mosúnmọ́lá wọlé, amọ̀ pupa bò ó láti orúnkún dé ẹsẹ̀, okùn kànga wà ní èjìká rẹ̀. Òun ló ń wọ kànga báyìí. Nígbà tó rí àlejò wọn, ojú rẹ̀ tàn, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ náà lára.

"Há, mà! Ẹ̀yin ni! Ẹ wá wo bàbá mi láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ n bu omi wá fún yín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi tuntun lánàá, ó dùn."

"Jókòó ná," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, wọ́n ti rìn, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n..."

"Mo ní jókòó. Ẹlẹ́rìí ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ." Ó wo Ìbírónkẹ́. "Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún un. Ìwọ lo purọ́ fún un."

Ó kọ ojú sí ògiri, ó sì fi ọwọ́ tó ṣófo bo ojú.

Mosúnmọ́lá jókòó lórí ẹní, ó kó ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo Ìbírónkẹ́ bí ẹni tó ń retí ìròyìn ayọ̀. Amọ̀ ń gbẹ ní ìka rẹ̀.

"Mosúnmọ́lá," ni Ìbírónkẹ́ wí, "ọjọ́ tó o bi mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ṣé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ọ̀kan wà. Ó wà lọ́rùn mi nígbà tó o kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín tó wà lójú ọmọ náà kò tètè kúrò. Ó ṣì ń wo ẹnu rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ dáadáa.